Kọ̀ǹpútà tó júwe ọ̀nà òṣùpá fún Apollo: àwọn ìbéèrè tó ń wá léraléra, àti ìdáhùn wọn

Kọ̀ǹpútà wo gan-an là ń sọ?

Èyí tí wọ́n ń pè ní Apollo Guidance Computer, AGC ní ìkékúrú. Òun ni àpótí tó ń ṣírò ọ̀nà fún àwọn ọkọ̀ Apollo láti ilé ayé dé òṣùpá àti láti òṣùpá padà wá sílé. Oṣù kẹjọ ọdún 1961 ni NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé ìwádìí kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, èyí tí Charles Stark Draper ń darí. Nínú gbogbo iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n gbé jáde fún Apollo, òun ló ṣíwájú. Wọn ò tíì fẹnu kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé wọn lọ, síbẹ̀ wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò mọ̀nà.

Ilé iṣẹ́ Raytheon ló ṣe é jáde. Ó wúwo tó 32 kilogírámù, kò tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Iná tó ń jẹ jẹ́ nǹkan bíi 55 watt, kò tó ti gílóòbù aláwọ̀ pupa ayé àtijọ́. Ọkọ̀ tó bá ń lọ sọ̀ lórí òṣùpá máa ń gbé méjì dání: ọ̀kan nínú ọkọ̀ àgbà tó ń yí òṣùpá po, ọ̀kan nínú ọkọ̀ kékeré tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ṣé òun ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó bá ènìyàn lọ sí òfurufú?

Rárá. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ kò tilẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà kankan dání. Nígbà tí Yuri Gagarin gòkè ní 1961, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Globus, àwòrán ayé róbótó kékeré tí eyín irin ń yí, tó ń fi ibi tó wà lókè rẹ̀ hàn án. Àwọn ọkọ̀ Mercury ti Amẹ́ríkà náà kò ní kọ̀ǹpútà. Orí ilẹ̀ ni gbogbo ìṣírò ti ń wáyé, tí àwọn ibùdó rédíò káàkiri ayé ń gba ìròyìn ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá lókè wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó yẹn wà nílẹ̀ wa níbí, ní Kano.

Inú ọkọ̀ Gemini 3, ní oṣù kẹta 1965, ni kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ bá àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà gòkè. IBM ló ṣe é. AGC ni àbúrò rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé àbúrò lọ́wọ́ ju ti ẹ̀gbọ́n lọ fíìfíì.

Kí ló dé tí wọn ò fi jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá orí ilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀?

Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ ẹ̀yìn òṣùpá, òṣùpá fúnra rẹ̀ á dínà rédíò. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti gbọ́dọ̀ tan ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ tó lè dúró yí òṣùpá po. Kò sí ẹni tó lè bá wọn tàn án láti Houston, ibùdó tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ lórí ilẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ohùn rédíò máa ń lo ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ kó tó dé òṣùpá, yóò sì tún lo bẹ́ẹ̀ kó tó padà. Ẹni tó ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sáàárín òkúta kò lè máa dúró de èsì. Ẹ̀rù tún wà níbẹ̀rẹ̀ pé Soviet lè da rédíò náà rú, nítorí pé ìdíje wọn gbóná gan-an lásìkò yẹn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé fóònù mi lágbára jù ú lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, kò tilẹ̀ ṣeé fi wéra. Mẹ́mórì tó lè kọ nǹkan sí kó sì pa á rẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ 2,048 péré, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ àmì 1 àti 0 mẹ́rìndínlógún. Èyí tí kò ṣeé pa rẹ́, tí gbogbo ètò wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ 36,864. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, kò tó 80 kilobyte. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ gbà á bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń gbà á, bíi pé àwọn tó lọ òṣùpá kàn gbójú lé oríire. Fóònù yín ń gbé orin, fídíò, ìpè àti ìpolówó ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. AGC kò ní iṣẹ́ méjì ju pé kó mọ ibi tí ọkọ̀ wà, kó sì mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ènìyàn ti jókòó tì, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì jà fún ààyè rẹ̀. Bí fóònù yín bá sì dákú lójijì, ẹ ó tàn án padà, ẹ ó dúró. Ẹ máa rí i nísàlẹ̀ bí AGC ṣe ń dákú tó sì ń jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mọ̀.

Kí ni wọ́n fi ṣe é?

Ṣíìpù. Lónìí kò sẹ́ni tí èyí ń yà lẹ́nu, àmọ́ ní 1962 tí Eldon Hall, olórí àwọn tó ṣètò ẹ̀rọ náà ní MIT, rọ NASA pé kí wọ́n lò ó, ṣíìpù ṣì jẹ́ ọjà tuntun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ kò fọkàn tán. Irú ṣíìpù kan ṣoṣo ló lò fún gbogbo iṣẹ́ ìrònú kọ̀ǹpútà náà, nǹkan bíi 2,800 nínú èyí tó dé òṣùpá. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: bí irú rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á lè dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ wò, wọ́n á sì tètè mọ ibi tí àléébù rẹ̀ wà. Ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, iṣẹ́ Apollo nìkan ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ṣíìpù tí Amẹ́ríkà ń ṣe.

Báwo ló ṣe ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà, nígbà tí kò sí òpópónà, tí kò sí GPS?

Ẹ rántí òkòtò tí ọmọdé ń ta. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń yí kíkankíkan, yóò dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá fẹ́ tì í ṣubú, yóò takú. Mẹ́ta irú rẹ̀, tí a fi irin ṣe, ló wà lórí pẹpẹ kan láàárín ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí gbiri, pẹpẹ náà kì í bá a yí, ojú kan náà ló ń kọ sí láàárín àwọn ìràwọ̀. Kọ̀ǹpútà á wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín pẹpẹ àti ara ọkọ̀, á sì mọ ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí.

Ẹ̀rọ mẹ́ta mìíràn tún wà lórí pẹpẹ yẹn tó ń díwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ti ọkọ̀ síwájú tó. Kọ̀ǹpútà ń ro títì yẹn pọ̀, ó di eré. Ó ń ro eré pọ̀, ó di ọ̀nà tí ọkọ̀ ti rìn. Ìṣírò ni gbogbo rẹ̀, láìyọjú wo ìta.

Òkòtò kankan kò sí tí kì í yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe pẹ̀lú ìràwọ̀, bí àwọn atukọ̀ òkun ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀rọ awòjìnnà kan wà nínú ọkọ̀ àgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 28. Ìràwọ̀ 37 ló wà nínú mẹ́mórì, oníkálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Awakọ̀ á wá ìràwọ̀ náà, á mú un sáàárín àmì, á tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà á sì ṣe ìyókù.

Mẹ́ta nínú àwọn ìràwọ̀ yẹn ní orúkọ tí ẹ kò ní rí nínú ìwé ìràwọ̀ àtijọ́: Navi, Regor àti Dnoces. Virgil Ivan Grissom, awakọ̀ Apollo tí gbogbo ayé mọ̀ sí Gus, ló fi ṣeré. Navi ni Ivan tí a kọ láti ẹ̀yìn, Regor ni Roger Chaffee, Dnoces sì wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ìkejì" nínú orúkọ Edward White Ìkejì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú nínú iná tó ṣẹ́ yọ nínú ọkọ̀ Apollo 1 lórí ilẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 1967. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò yí orúkọ náà padà. Wọ́n ń fi í wá ọ̀nà lọ sí òṣùpá.

Báwo ni awakọ̀ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀?

Pẹ̀lú bọ́tìnnì 19 àti ojú kékeré tí nọ́ńbà ń tàn lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní DSKY. Kò sí lẹ́tà A, B, D. Gírámà ni wọ́n fi ṣe é: ọ̀rọ̀-ìṣe kan àti ọ̀rọ̀-orúkọ kan, nọ́ńbà ló sì dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe 16 túmọ̀ sí "máa fi hàn mí títí n ó fi ní ó tó". Ọ̀rọ̀-orúkọ 36 ni aago. Ẹni tó bá tẹ 16 àti 36 ti sọ fún un pé: máa fi aago hàn mí. Ọ̀rọ̀-ìṣe 37 ni wọ́n fi ń pe ètò tuntun, bíi ètò 63 tó ń bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ sórí òṣùpá.

Ṣé òótọ́ ni pé obìnrin ló fi ọwọ́ hun mẹ́mórì rẹ̀?

Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì lọkàn mi máa ń lọ jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní Waltham, Massachusetts, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ Raytheon jókòó síwájú òrùka irin wínníwínní, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wáyà wà lẹ́nu rẹ̀. Bí wáyà bá gba inú òrùka kọjá, 1 nìyẹn. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 0 ni. Òrùka kan lè gbé àmì 192. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ aṣọ tàbí ti aago, nítorí pé ìlú aago ni Waltham. Ọwọ́ wọn ti mọ nǹkan kéékèèké.

Ẹni tó bá ti jókòó ti aláṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn á yé e kíá. Ọnà tó wà lára aṣọ kì í ṣe ohun tí wọ́n kùn sí i lẹ́yìn, inú bí òwú ṣe gba òkè àti bó ṣe gba ìsàlẹ̀ ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò Apollo ṣe wà nínú wáyà yẹn. Ẹ̀rọ kan tí tépù oníhò ń darí máa ń gbé ihò tó kàn wá síwájú obìnrin náà, òun á sì ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n á wá dán gbogbo rẹ̀ wò.

Ohun tí wọ́n bá hun kò ṣeé pa rẹ́. Iná lè lọ kó dé, nǹkan lè kọlu ọkọ̀, ètò náà wà níbẹ̀ gbọin. Àmọ́ ìyẹn tún túmọ̀ sí pé àwọn tó ń kọ ètò gbọ́dọ̀ parí ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Àṣìṣe tó bá ti wọ inú wáyà, ẹ ó bá a lọ òṣùpá ni.

Ta ló kọ ètò inú rẹ̀? Ṣé Margaret Hamilton nìkan ni?

Kì í ṣe òun nìkan, òun náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Òun ni olórí àwọn tó kọ ètò inú ọkọ̀ ní MIT, iṣẹ́ ńlá sì ni. Fọ́tò tó dúró ti ìwé kóòdù tó ga tó o yẹn ti wá gbajúmọ̀ jákèjádò ayé, Ààrẹ Obama sì fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá ní 2016. Ṣùgbọ́n Hal Laning ló ronú ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń pín àkókò fún iṣẹ́, Allan Klumpp ló ṣètò ìṣírò ìsọ̀kalẹ̀, Don Eyles sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó kọ kóòdù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn tún wà lẹ́yìn wọn.

Kí ni ìkìlọ̀ 1202 tí wọ́n máa ń sọ nípa Apollo 11?

Ọjọ́ 20 oṣù keje 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ń sọ̀ kalẹ̀. Lójijì ni kọ̀ǹpútà ké, nọ́ńbà 1202 sì jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ti pọ̀ ju ààyè lọ, kò sí ibi tí yóò gbé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́rin bẹ́ẹ̀, ó sì ké 1201 lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó fà á ni rádà tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ àgbà nígbà ìpadàbọ̀. Iná tó ń bọ́ rádà náà àti èyí tó ń bọ́ kọ̀ǹpútà kò bára wọn mu ní ìṣísẹ̀. Nítorí náà rádà ń rán àmì tí kò nítumọ̀ wọlé, tó lè tó 12,800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ ṣòfò bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìsọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ó da gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láàárín ìṣẹ́jú bí ẹni ṣẹ́jú, ó sì gbé èyí tí ẹ̀mí so mọ́ nìkan padà: dídarí ẹ́ńjìnnì, dídúró ọkọ̀ lóòró, mímọ ibi tó wà. Èyí tó lè dúró, ó jẹ́ kó dúró. Laning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti to iṣẹ́ náà ní ipò-ipò, àwọn tó sì kọ ètò ti ń fi àkọsílẹ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà, kí ẹni tó bá ṣubú lè mọ ibi tó ti máa dìde. Ẹ bá mi kí wọn o.

Báwo ni Houston ṣe mọ̀ pé kí wọ́n máa lọ?

Nítorí pé wọ́n ti ṣìnà lórí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, nígbà ìdánrawò, àwọn olùkọ́ fi irú ìkìlọ̀ yìí dán wọn wò, Steve Bales, tó ń bójú tó ìtọ́sọ́nà ọkọ̀ ní Houston, sì ní kí wọ́n padà. Wọ́n sọ fún un pé kò yẹ kó padà. Lẹ́yìn èyí, Jack Garman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ràn án lọ́wọ́, jókòó, ó kọ gbogbo ìkìlọ̀ sórí bébà kan pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ó dé lóòótọ́, Garman jẹ́ ọmọ ọdún 24, Bales jẹ́ 26. Garman wo bébà rẹ̀, ó ní bí kò bá ti ké léraléra láìdáwọ́ dúró, kò séwu. Bales ní kí wọ́n máa lọ.

Wọ́n ní Armstrong gba ọkọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà á sọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdajì rẹ̀ lóòótọ́ ni. Ó rí i pé ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé wọn lọ kún fún òkúta ńláńlá, ló bá yí sí ètò 66. Nínú ètò yìí, awakọ̀ ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ máa tẹ̀ sí àti bó ṣe máa yá kalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ wí, tó ń dín ẹ́ńjìnnì kù tó sì ń fi kún un. Gbogbo ìgbà mẹ́fà tí ènìyàn sọ̀ sórí òṣùpá, ètò yìí ni wọ́n lò parí rẹ̀. Kò sí awakọ̀ Apollo kankan tó sọ̀ sí òṣùpá láìsí kọ̀ǹpútà láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì.

Ṣé kò ṣàṣìṣe rí?

Ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ènìyàn ló sábà máa ń ṣe é. Ní 1965, ọkọ̀ Gemini 5, tó ń lo kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n AGC, sọ̀ sínú òkun ní ibi tó ju 100 kìlómítà lọ sí ibi tó yẹ, nítorí pé ẹni tó kó nọ́ńbà jọ kà á sí pé ayé ń yí ìwọ̀n 360 ní wákàtí 24. Lóòótọ́, 360.98 ni, torí pé ayé tún ń rìn yí oòrùn po. Ìdá kékeré yẹn ló gbé wọn lọ jìnnà bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ṣe ìṣírò tí wọ́n fún un láìṣìṣe kankan.

Ní oṣù kejìlá 1968, lójú ọ̀nà àbọ̀ Apollo 8, Jim Lovell fẹ́ pe ìràwọ̀ 01 àmọ́ ó tẹ ètò 01, èyí tí wọ́n ń lò lórí ilẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Kọ̀ǹpútà gbà pé àwọn ṣì wà nílé. Hamilton ti fẹ́ fi ìdènà sí i ṣáájú, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tẹ irú rẹ̀ nígbà tó ń ṣeré lórí ẹ̀rọ ìdánrawò, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé awakọ̀ tó mọṣẹ́ kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Lovell fi ìràwọ̀ tún pẹpẹ ṣe, wọ́n sì délé.

Ọ̀rọ̀ Apollo 14 ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n tan kọ̀ǹpútà jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kejì 1971, kó tó di pé Alan Shepard àti Edgar Mitchell sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ǹpútà ń gba àmì pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì "ẹ jẹ́ ká padà". Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé èérún òjé kan ló ń léfòó nínú bọ́tìnnì náà, nítorí bí wọ́n bá fi ọwọ́ gbá ibẹ̀, àmì náà á lọ, á tún padà. Bí ó bá padà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti tàn, kọ̀ǹpútà á gbé wọn padà sókè tipátipá.

Ètò ti wà nínú wáyà, kò ṣeé hun mọ́. Don Eyles, tó wà ní Massachusetts, wá ibi kan nínú mẹ́mórì kékeré tó ṣeé kọ nǹkan sí, ó sì rí i pé bí wọ́n bá yí nọ́ńbà kan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé ìpadà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní wo bọ́tìnnì náà mọ́. Wákàtí díẹ̀ ló ní. Wọ́n ka nọ́ńbà náà sí Mitchell létí láti Houston, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ̀.

Nígbà náà, ta ló ń wá ọ̀nà gan-an: AGC ni àbí Houston?

Ní ọ̀nà jíjìn láàárín ayé àti òṣùpá, Houston ni. Rádà àti rédíò orí ilẹ̀ ń díwọ̀n ọkọ̀ dáadáa ju bí awakọ̀ ṣe lè fi ìràwọ̀ ṣe é lọ, wọ́n sì máa ń rán èsì ìṣírò náà wọ inú AGC tààrà. Awakọ̀ ń ṣe tirẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, àti fún ọjọ́ tí rédíò bá kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tàn, tàbí tí ìsọ̀kalẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, AGC ló ni ọ̀rọ̀.

Tó bá kú pátápátá ńkọ́?

Ọkọ̀ kékeré ní kọ̀ǹpútà kejì tí ilé iṣẹ́ TRW ṣe, èyí tó kéré sí AGC. Kò lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀, àmọ́ ó lè gbé wọn padà sọ́dọ̀ ọkọ̀ àgbà. Ọkọ̀ àgbà kò ní èkejì. Awakọ̀ á fi ọwọ́ darí rẹ̀, Houston á sì ka nọ́ńbà sí i létí.

Apollo 13 fi hàn wá bó ṣe máa ń rí, ní oṣù kẹrin 1970. Nígbà tí àgbá ọ́síjìn bú gbàmù, wọ́n pa kọ̀ǹpútà ọkọ̀ àgbà kí bátìrì má bàa tán, nígbà tó yá wọ́n tún pa ti ọkọ̀ kékeré. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní láti tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá 14 láìsí kọ̀ǹpútà: Lovell àti Fred Haise di ọkọ̀ mú, wọ́n ń wo ayé láti ojú fèrèsé, Jack Swigert sì ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ ka àkókò. Ní ọjọ́ 17, kí wọ́n tó wọ afẹ́fẹ́ ayé, wọ́n tan AGC ọkọ̀ àgbà padà. Ó ti wà nínú òtútù fún ọjọ́ mẹ́ta, omi ti ń kán lára gbogbo pánẹ́ẹ̀lì inú ọkọ̀. Ó tàn. Ètò inú wáyà wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe hun ún ní Waltham, ó sì mú wọn sọ̀ sínú òkun Pàsífíìkì.